Ife Tó Dojúdé

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́. Irú èmi kọ́ ló yẹ kó máa kọ̀wé. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ pọ̀ nínú kíláàsì wa. Èmi rèé, bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ara mi, ohùn mi á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Mísítà Bámiṣẹ́ ní kí gbogbo àwa ọmọ ọdún kìíní ra ìwé kan tí a ó máa kọ ohun tí a bá rí sí, kí a má sì fi han ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn fúnra wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n máa ka ìwé òun, irọ́ ló máa kọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n mú fíìmù akọni kan, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní fíìmù ọmọdé, kí n sì dúró níwájú kíláàsì láti sọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọjọ́bọ̀, 12 Máàṣì. Ọgbọ̀n máàkì. Ẹni tí kò bá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èrúwà, kò tíì dárí jì mí pé tíátà ni mo yàn. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀, mo gbé.

Èédú ni mo mú. Fóònù tèmi kò lè gbé fíìmù. Orí fóònù Ràhmọ̀t ló wà, ọ̀rẹ́ mi nínú kíláàsì, tá a jọ ń gbé yàrá nílé Ìyá Tàófíìk, onílé wa. Òní ni ààwẹ̀ tiwọn àti Léńtì tiwa jọ bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ṣínu tán la wò ó.

Ọmọkùnrin kan tó ń sun èédú ní abúlé ṣubú sínú iná. Iná náà kò pa á, inú rẹ̀ ló wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí iná bá ti ń jó, Èédú á lọ síbẹ̀, á fi ẹnu fà á bí ẹní ń mu ògì. Ó gba ọjà là, ó gba ilé ìwé là, ó bá ọkùnrin kan tó ń fi bẹntiróòlù sun ìlú jà lórí àpáta. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé bó bá ti gbé iná mì tán, omi ló máa béèrè. Ife kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nígbà tó yá, jọ́ọ̀gì. Nígbà tó tún yá, ó gbé korobá lé ẹnu. Ràhmọ̀t rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Òun náà ń bu omi bá a, ife oníke búlúù rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní, "Èédú, rọra o."

Ó ní, "Ìwọ tí ààwẹ̀ rẹ ń parí ní aago mẹ́ta, kí lo mọ̀? Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ààwẹ̀?"

Níparí, Èédú gbé iná ńlá kan mì, a ò sì rí i mọ́. Mo rò pé ó rìnrìn àjò. Ó dùn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ nípa ẹ̀ fún odidi ogún ìṣẹ́jú?

Ẹtì, 20 Fẹ́búárì

Ooru yìí kò dáa. Kò sí iná mànàmáná láti ọjọ́ Ajé. Àpò omi inú ọ̀rá ti di ẹgbẹ̀ta náírà. Èyí tá a rà lọ́jọ́ Ajé tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan ti tán. Ràhmọ̀t ní òun lòun máa ra èyí tó kàn.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Tàófíìk dúró sẹ́yìn balùwẹ̀ tàwa méjèèjì, wọ́n fọwọ́ tẹ bàdí. "Ta ló ń da tíì síbí nínú ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí? Ẹ wá wo èèrà." Lóòótọ́, èèrà ti tò láti ojú ihò omi dé ìdí ògiri.

Ràhmọ̀t ní, "Ìyá, àwa tá ò rí ṣúgà fi mu kókó, ṣé àwa la máa da tíì nù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, wọ́n sì da kẹrosíìnì sí i.

Àìkú, 22 Fẹ́búárì

Mo gbàdúrà fún ìgboyà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún gbàdúrà kí fóònù Ràhmọ̀t má bàjẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ mi tó pé. N kò mọ èyí tí Ọlọ́run máa dáhùn.

Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Mo lọ bá Mísítà Bámiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò rí nǹkan kan sọ nípa fíìmù mi. Ìjà ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Wọn ò gbójú sókè nínú ìwé tí wọ́n ń máàkì. Wọ́n ní, "Nígbà tóo kọ́kọ́ wò ó, ara ẹni tó ń jà lojú ẹ wà. Lọ tún un wò. Wo ẹni tí kò jà. Wo ohun tó wà lórí tábìlì."

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì lọ́sàn-án yìí. Omi yẹn kì í ṣe eré. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè omi, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn tó ṣe fíìmù kò sì sún mọ́ ọwọ́ náà kí á lè rí i; wọ́n kàn fi sílẹ̀ níbẹ̀. Iná tó gbé mì kò kú. Inú rẹ̀ ló ti ń jó. Ife di jọ́ọ̀gì, jọ́ọ̀gì di korobá, àwa sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo sáré pe Ràhmọ̀t kó wá wò ó. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ó ní, "Mi ò wò ó mọ́."

"Kí ló dé? Ṣebí ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù."

"Omi yẹn ń dẹ́rù bà mí. Bàbá mi náà mu omi báyìí lọ́dún tí wọ́n kú."

Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo padà sídìí fíìmù.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Èèrà ti padà sẹ́yìn balùwẹ̀.

Àìkú, 1 Máàṣì

Síkẹ́ẹ̀tì dúdú Ràhmọ̀t, tó ń fún un lóṣù tó kọjá, pín-ìnì mẹ́ta ló fi mú un mọ́ra láàárọ̀ yìí. Mo ní ààwẹ̀ yẹ ẹ́, pé èmi gbààwẹ̀ gbààwẹ̀, ikùn mi kò yẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó kó tó rẹ́rìn-ín náà tán.

Mo wo Èédú lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ni mo ń wò. Obìnrin yìí kò sọ̀rọ̀ tó ìlà mẹ́wàá nínú gbogbo fíìmù. Bí gbogbo ìlú bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀, kì í wo ojú ọmọ náà. Ife ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí fíìmù kò tíì dé ìdajì. Ó mọ̀, ó sì ń bu omi sí i.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Gbénró, olórí kíláàsì wa, bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ìníolúwa, ṣé fíìmù ọmọdé yẹn náà lo ṣì ń wò? Wọ́n máa fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó pẹ̀lú Èédú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi dáadáa. Ràhmọ̀t ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ Gbénró, ìwé tí wọ́n ní kí o kà lẹ́ẹ̀kan péré, ṣé o ti kà á?" Gbénró padà sáàyè ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ìwé mi ló fi da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ. Ó ní ojú pátákó náà ń ṣe bàìbàì. Ìlà iwájú la jókòó sí.

Sátidé, 7 Máàṣì

Òjò ṣú láti àárọ̀, kò rọ̀. Atẹ́gùn gbé eruku wọlé títí ó fi bo ìwé mi. Ràhmọ̀t sùn láti lẹ́yìn ìrun ọ̀sán títí di àsìkò ìṣínu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe olóorun.

Mo wo Èédú fún ìgbà karùn-ún. Mo fi fóònù mọ́ etí ní àwọn ibi tí ìlù ìdárayá ti ń dún, níbi tó ti ń mu omi. Ohùn kan wà lábẹ́ ìlù náà. Omi tó ń hó nínú ìkòkò ni.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó bà mí lẹ́rù. Nígbà tí Èédú ti lọ, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, ife kan sì wà lórí tábìlì, ó dojúdé. Mo ti rí ìyẹn láti ọjọ́ kìíní, mo rò pé wọ́n kàn fọ ife ni. Ṣùgbọ́n lónìí, bí fíìmù ṣe parí tó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo rí i ní àwòrán àkọ́kọ́ pàápàá, kí orúkọ fíìmù tó jáde: tábìlì kan náà, ife kan náà ní igun, ó dojúdé. Ife ẹni tí kò ní mu omi mọ́ ni: ó ti kú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Àwa la ń wá ẹni tó ń jà.

Mo ti rí ohun tí mo máa sọ. Ó yẹ kínú mi dùn.

Àìkú, 8 Máàṣì

Lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí ìwé yìí láti ojú ewé kìíní kí n lè kó gbogbo ohun tí mo rí nínú fíìmù jọ. Mo kà á, mo sì da èyí tí mo nílò kọ. Lẹ́yìn náà ni mo tún un kà.

Ife búlúù. Àpò omi tó tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èèrà. Pín-ìnì mẹ́ta. Pátákó tó ń ṣe bàìbàì. Bàbá rẹ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ gbogbo ẹ̀.

Mo jáde lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà sí wa, inú balùwẹ̀ yẹn la máa ń tọ̀ sí. Èèrà ti pọ̀ débi pé ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n nílé wa ní Èrúwà. Bí èèrà bá bo ìtọ̀ ẹnì kan, wọ́n á ní kónítọ̀hún lọ rí dókítà. Àtọ̀gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n. Tíì ni Ìyá Tàófíìk pè é, èmi náà sì gbà pé tíì ni, nítorí pé ààwẹ̀ ni, ooru sì ni. Ta ni òùngbẹ kì í gbẹ nínú ààwẹ̀?

Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ọmọ tó wo fíìmù lẹ́ẹ̀marùn-ún tó wá di dókítà. Bó bá jẹ́ pé fíìmù ló ń dàmú ojú mi ńkọ́? Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín mi.

Ohun mìíràn tún wà. Bí mo bá pe Bùrọ̀dá Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Tápà, lónìí ni wọ́n máa gun ọ̀kadà wá mú un. Fóònù á bá a lọ. Ọjọ́bọ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin, n kò sì tíì kọ àwọn ìṣẹ́jú tí ife kọ̀ọ̀kan jáde sílẹ̀.

Mo kọ èyí kí n lè rí bó ṣe rí lójú. Ó burú. N kò pè wọ́n.

Ajé, 9 Máàṣì

Mo bi í léèrè. "Ràhmọ̀t, ṣé ara ẹ le?"

"Ààwẹ̀ ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

Inú mi dùn pé ìdáhùn tó fún mi nìyẹn. N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ìṣẹ́gun, 10 Máàṣì

Ife: ìṣẹ́jú kọkànlá. Jọ́ọ̀gì: ìkẹtàdínlógójì. Korobá: ìkọkànlélọ́gọ́ta. Ràhmọ̀t jí lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ àná. Èmi náà jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ọjọ́bọ̀, 12 Máàṣì

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Láàárọ̀, Ràhmọ̀t ní inú ń run òun, òun ò ní lè wá sí kíláàsì. Mo ń wá bí mo ṣe máa béèrè fóònù. Kò jẹ́ kí n béèrè. Ó nà án sí mi látorí ibùsùn. "Gbà, mú un dání. Wàá fẹ́ fi ibi ife yẹn hàn wọ́n."

Mo ní, "Ṣé o ò ní lò ó?"

Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ pè? Lọ gba ọgbọ̀n máàkì ẹ wá."

Mo lọ. Ohùn mi gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá kò gbọ̀n mọ́. Mo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n hàn wọ́n, mo fi ìyá tó ń wo ife hàn wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ omi tó ń hó lábẹ́ ìlù. Nígbà tí mo fi ife inú àwòrán àkọ́kọ́ hàn wọ́n, Gbénró sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ah, wọ́n ti pa á tipẹ́." Mo ní ìdí tó fi yẹ kéèyàn wò ó lẹ́ẹ̀kejì ni pé fíìmù náà kò yí padà, ojú wa ló yí padà, gbogbo ohun tó dẹ́rù bani nínú ẹ̀ ló wà níta gbangba láti ọjọ́ kìíní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mísítà Bámiṣẹ́ bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "O ṣe dáadáa. Ìbéèrè kan. Ìyá yẹn rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kí ló wá ṣe sí i?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, sà."

Wọ́n ní, "Kí ló dé?"

Mo fi fóònù Ràhmọ̀t sínú báàgì mi. Wọ́n ní kí n jókòó. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n.

Mo sáré jáde, n kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ìyá Tàófíìk kò sí nílé, wọ́n ti lọ sọ́jà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá Ràhmọ̀t, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ti bì sára aṣọ. Ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó sáré láti Tápà, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Mo pè é, ó lajú, kò dá mi mọ̀. Ó ti fẹ́ jáde lọ wá èèyàn kó tó ṣubú. Kò ní ohun tí ì bá fi pe ẹnikẹ́ni. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì mi.

Ọlọ́kadà gbé wa, èmi lẹ́yìn, òun láàárín, mo fi gèlè so ó mọ́ra mi. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún un lórí ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan. Lẹ́tà méjì péré ló yọ lójú ẹ̀rọ náà: HI.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Mà, ó ń kí wa."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í ṣe ìkíni. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà." Ó ti ń pe dókítà kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹtì, 13 Máàṣì

Kò tíì sọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára, ọ̀rá kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ń kà wọ́n. Méje.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án. N kò gbádùn òórùn ilẹ̀.

Àìkú, 15 Máàṣì

Mo lọ fọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ibùsùn rẹ̀ ṣófo, wọ́n ti tẹ́ ẹ, ife búlúù rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dojúdé.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi níbẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, dìde. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù kejì, ó ti lajú. Mo bá a fọ ife ẹ̀ ni." Mo gbé ife náà, mo yí i sókè, mo mú un dání lọ bá a.

Bùrọ̀dá Sàláúdéènì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọwọ́ wọn le bí èèpo igi. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Wọ́n ní, "Ìníolúwa, Ọlọ́run ló fi ẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báyìí ló ṣe mú bàbá wa lọ, a ò mọ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún wa tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kó gbààwẹ̀. Ọlọ́run ò ní kí aláìsàn gbààwẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹtì, 20 Máàṣì

Ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì wá bá Ràhmọ̀t láti Tápà, ìwọ̀nba tí nọ́ọ̀sì gbà ló jẹ. Abẹ́rẹ́ ni yóò máa gún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ayé. Ó ti ń kọ́ ọ lára ọsàn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó ní, "Ìní, ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí mo wọlé."

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun tóo tètè dé."

Ìyá Tàófíìk sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé èèrà ti kúrò lẹ́yìn balùwẹ̀, pé kẹrosíìnì wọn ti ṣiṣẹ́. Mo kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà ló kù lẹ́nu mi. Ẹ ti ka ọjọ́ kẹjọ oṣù Máàṣì. Ẹ ti mọ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, àti iye ọjọ́ tí mo fi ń ka ìṣẹ́jú ife lórí fóònù rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ yín. Ẹ má sọ ọ́ ní Tápà, ẹ má sọ ọ́ ní Èrúwà, ẹ má sì sọ ọ́ fún Ràhmọ̀t.

Mo ti dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti fi ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó sì ti ń wo Èédú. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun kò rí nígbà àkọ́kọ́. Kò rẹ́rìn-ín níbi ife, kò rẹ́rìn-ín níbi jọ́ọ̀gì. Ó ti dé ibi tí ìyá yẹn ti ń bu omi. Ó dá fíìmù dúró níbẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì ń wò mí.